Ayọ̀délé Awójọbí: Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò sá fún òróró ẹ́ńjìnnì

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé l'Ékòó lẹ ti gba Oníkẹ kọjá ní Yábàá, lójú ọ̀nà Yunifásítì Èkó. Ère ọkùnrin kan wà ní ráńdábáọ̀tù ibẹ̀. Lọ́dún 2009 ni Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ṣí aṣọ lójú ẹ̀. Ẹ ti lè wà nínú dánfó, kẹ́ ẹ wo ère náà lójú fèrèsé, kẹ́ ẹ sì padà sídìí fóònù yín. Mi ò bá yín wí. Àmọ́ lónìí, mo fẹ́ sọ ẹni tí ọkùnrin yẹn jẹ́ fún yín, torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kan àwa ará Rẹ́mọ, ó kan gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ tún mọ́tò ṣe, ó sì kan ẹnikẹ́ni tí òbí ẹ̀ ti sọ fún pé iṣẹ́ tó ń dọ̀tí aṣọ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tó mọ̀wé.

Ọmọ ọ̀gá rélùwéè

Ayọ̀délé Olúwatùmínínú Awójọbí ni orúkọ ẹ̀. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, ọdún 1937 ni wọ́n bí i ní Òṣòdì, l'Ékòó. Bàbá ẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, ọ̀gá ibùdókọ̀ ni nílé iṣẹ́ rélùwéè. Ìyá ẹ̀, Comfort Bámidélé, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni, òwò kéékèèké ló ń ṣe. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ìpínlẹ̀ Èkó ni Ìkòròdú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ìlú náà ò fi ilẹ̀ Rẹ́mọ sílẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ni pé ọmọ ọba láti ọ̀dọ̀ wa, Lásunwọ̀n, ọmọ Kóyèélú, wà lára àwọn tó tẹ ìlú náà dó. Bí ará Ìkòròdú bá ń sọ ẹ̀ka èdè ẹ̀, ará Ìsarà tó jókòó tì í ò nílò ògbufọ̀. Nítorí náà, tí mo bá pe Awójọbí ní ọmọ wa, mi ò já ọmọ ọlọ́mọ gbà.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Peter's ní Fájì ló lọ láti 1942 sí 1947. Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ CMS Grammar School, ilé ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé orí ọmọ yìí yàtọ̀. Ìṣirò dùn mọ́ ọn, sáyẹ́ǹsì dùn mọ́ ọn, ó sì tún wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń jiyàn tó ń ṣe eré orí ìtàgé.

Ìtàn kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ò gbàgbé. Ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ ṣe eré Macbeth ti Shakespeare. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe Macbeth gan-an ṣàìsàn. Wọ́n gbé ipa náà lé Awójọbí lọ́wọ́, ọjọ́ díẹ̀ ló sì ní láti fi kọ́ ọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiẹ̀ nìkan ló há sórí, gbogbo eré náà ló há, débi pé tí ẹlòmíì bá gbàgbé ọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, òun ló ń rán an létí. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Macbeth nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bó ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan nìyẹn títí tó fi kú: kò lè ṣe apá kan nínú ohun kan láì mọ gbogbo ẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Lọ́dún 1955 ó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ó sì gba àmì tó ga jù nínú iṣẹ́ mẹ́jọ. Ó lọ sí Nigerian College of Arts, Science and Technology n'Íbàdàn, ibẹ̀ ló ti ṣe ìdánwò GCE onípele gíga ní 1958. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣe, Físíìsì àti oríṣi Ìṣirò méjì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi tayọ. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní sikọláṣípù, ó gba Zaria lọ láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbi tó di Yunifásítì Ahmadu Bello lónìí. Ní 1962, ó jáde pẹ̀lú oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ìpele kìíní. Ìjọba tún fún un ní sikọláṣípù mìíràn, ó lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba PhD nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1966.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n

Kí ló wá ń wádìí gan-an? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí a ṣe máa sọ ọ́ nílé. Ẹ fojú inú wo jẹnẹrétọ̀ ńlá tí wọ́n gbé sórí kọnkéré. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn ń wọ inú kọnkéré, ó ń wọ inú ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì ń dá a padà. Bí ìgbọ̀n ẹ̀rọ bá lọ bá ti ilẹ̀ mu, tí àwọn méjèèjì wá ń jó ijó kan náà, kékeré á di ńlá. Bóòtù á tú, kọnkéré á là, ẹ̀rọ á ba ara ẹ̀ jẹ́. Awójọbí fi ìṣirò wá bí èèyàn á ṣe mọ èyí ṣáájú, kí wọ́n tó da kọnkéré rárá. Ní 1965, òun àti ọ̀gá ẹ̀ ní Imperial College, P. Grootenhuis, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ẹ̀ nínú ìwé ìwádìí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lórúkọ jù ní Bírítéènì.

Ó padà wálé, ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ṣùgbọ́n kò fi ìwádìí sílẹ̀. Ní 1974, Imperial College fún un ní oyè DSc nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á níbẹ̀. DSc yìí kì í ṣe oyè tí wọ́n ń jókòó sí kíláàsì gbà. Àkójọ iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹni tí ò tíì pé 40 ọdún tó gbà á. Ọmọ ọdún 37 ni Awójọbí. Lọ́dún yẹn kan náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n l'Ékòó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkòkà sọ ọ́ ní Dead Easy. Kò sí ìṣirò tó le lójú ẹ̀. Bó bá ti ṣàlàyé tán, ohun tó ń bà yín lẹ́rù tẹ́lẹ̀ á wá dà bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní Òmìrán Àkòkà. Wọ́n tún mọ̀ ọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tó ti ń bèèrè ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń díje nínú ètò Mastermind.

Tó bá jẹ́ pé ibi tó parí sí nìyẹn, orúkọ ẹ̀ ì bá wà nínú ìwé, ì bá má dé orí ráńdábáọ̀tù. Mọ́tò ló gbé e jáde síta.

Ọjọ́ tí Nàìjíríà yí ọwọ́ padà

Àwọn òbí yín mọ ọjọ́ yìí dáadáa. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lé wa lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tó yí wa ká, Dahomey tó di Benin, Niger àti Cameroon, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ọ̀nà yí padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n mọ́tò ò yí. Sitiárìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá fẹ́ yàgò fún ọkọ̀ iwájú kó lè kọjá á kọ́kọ́ gbé gbogbo imú mọ́tò ẹ̀ síta kó tó ríran. Olówó ra òmíràn. Àwọn tó kù ń fi orí la á.

Awójọbí ní Opel Olympia Rekord kan tó fi ń gbé ìdílé ẹ̀. Kò tà á. Ó tú u, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ gbé sitiárìn láti ọ̀tún sí òsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ inú ọgbà mẹkáníìkì rí mọ̀ pé kì í ṣe pé kí èèyàn yọ sitiárìn níbí kó kàn án mọ́ ibẹ̀. Irin gígùn tó ti ìdí sitiárìn lọ sí táyà iwájú gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tuntun gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá. Búrẹ́ẹ̀kì, kílọ́ọ̀ṣì àti tọ́tù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lọ. Páìpù òróró búrẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ gùn sí i tàbí kó kúrú. Dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ di tuntun. Tí ohun kan bá fi díẹ̀ yẹ̀, táyà á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí búrẹ́ẹ̀kì má mú lọ́jọ́ tí ẹ̀mí so mọ́ ọn. Ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ ló sì ń gbé sínú mọ́tò yẹn. Ẹni tí ò bá dá iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lójú ò jẹ́ dán an wò.

Ó tún ń fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò ṣe àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe lè mú iná jáde fún ilé, torí ọ̀rọ̀ iná ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wá.

Jíìpù tí kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn

Èyí tó wá lókìkí jù ni Autonov 1.

Mọ́tò tí gbogbo wa ń wà, gíà iwájú ẹ̀ pọ̀, gíà ẹ̀yìn ẹ̀ kan ṣoṣo ni. Gíà ẹ̀yìn yẹn lágbára ṣùgbọ́n kò mọ eré sá. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi rìfáàsì sáré, ẹ ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì á ṣe máa ké. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò retí pé kí èèyàn fẹ̀yìn rìnrìn àjò. Nínú gíàbọ́ọ̀sì, eyín irin méjì tó gbé ara wọn ló máa ń yí ara wọn lódìkejì. Tí wọ́n bá ti ẹ̀kẹta bọ àárín wọn, ìyípo á tún padà. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n fi ń ṣe rìfáàsì, ibi kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ti í bọ̀.

Awójọbí mú jíìpù irú èyí tí àwọn ṣójà ń lò. Ó fi sitiárìn kejì sí i, pẹ̀lú ìjókòó awakọ̀ tó kọjú sí ẹ̀yìn, ó sì tún un ṣe tó fi jẹ́ pé gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ síwájú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn náà ló sì ń ṣiṣẹ́ sẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ iwájú á di ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀, láì jẹ́ pé ọkọ̀ yí po.

Kí nìyẹn wúlò fún? Ẹ rò ó fún ọkọ̀ ogun tí ọ̀tá dá lọ́nà ní ojú ọ̀nà tóóró. Tó bá ní òun fẹ́ yí padà, ó ti gbé ẹ̀gbẹ́ fún ìbọn. Ogun abẹ́lé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun ò jìnnà sí ọkàn ẹnikẹ́ni láyé ìgbà yẹn. Ilẹ̀ Faransé ní ọkọ̀ ogun kan, Panhard EBR, tó ní awakọ̀ iwájú àti awakọ̀ ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ṣe ìyẹn, pẹ̀lú owó ìjọba. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ṣe ti Àkòkà, láti ara jíìpù tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò mi àti alumíníọ̀mù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ bàbá yìí fi wà lẹ́nu mi lásìkò yìí. Mo ní ọmọ àbúrò mi obìnrin kan níbí n'Ísarà, ọmọ ọdún 19. Ó jáde girama, ó ní iṣẹ́ tọ́nà lòun fẹ́ kọ́, iṣẹ́ àwọn tó ń fi lathe gé irin. Ohun tó wà lórí fóònù ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ni mọ́tò eré, Honda àti BMW àtijọ́ tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì wọn, tí wọ́n sì gé písítìnì tuntun sí kí wọ́n lè sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe wọ́n lọ. Ó ní òun fẹ́ máa fọwọ́ òun gé irú ẹ̀. Ìyá ẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ní òun ò san owó ilé ìwé fún ọdún mẹ́fà kí ọmọ òun lè máa rùn bíi dísù. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n, èmi oníròyìn, wá bá a sọ̀rọ̀.

Mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù tọ́nà tó fẹ́ kọ́ ọ. Mo jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Wọ́n gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà mọ́tò kan wá, alumíníọ̀mù ni. Omi tán nínú ráídétọ̀ olówó ẹ̀, ó ṣì ń wà á lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná kọjá ààlà. Tọ́ọ̀pù náà ti wọ́. Lójú tèmi, ó tẹ́jú bíi tábìlì. Ọ̀gá gbé irin títọ́ lé e, ó ti ike tín-ín-rín kan bọ àárín, ó wọlé. Àlàfo tí ò ju irun orí lọ ni, òun ló sì ń jẹ́ kí omi àti òróró dà pọ̀ mọ́ra. Ó dè é mọ́ ẹ̀rọ, ó fá a díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Kò fá a jù, torí tó bá fá a jù, fáàfù á máa gbá písítìnì lórí.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo alumíníọ̀mù tó ń wọ́ kíákíá báyìí? Torí pé ó fúyẹ́, ó sì ń tètè tú ooru jáde. Tí ìwọ̀n irin bá jẹ́ nǹkan bíi 7.8, ti alumíníọ̀mù ò ju 2.7 lọ, ìyẹn ni pé ó fi díẹ̀ ju ìdámẹ́ta irin lọ. Ẹ wá wo písítìnì nínú ẹ́ńjìnnì tó ń yí ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Písítìnì yẹn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tó bá dé òkè ló ń dúró, kó tó yí padà. Bó bá ṣe wúwo tó ni agbára tó fi ń ja irin tó dì í mú ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹ́ńjìnnì á ṣe máa gbọ̀n tó. Gbígbọ̀n yìí ni iṣẹ́ Awójọbí. Ohun tó fi gba DSc ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò yín.

Àmọ́ alumíníọ̀mù ní àbùkù tiẹ̀. Tí ooru bá mú un, ó ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Nítorí náà, ẹni tó bá gé písítìnì tó rí roboto, tó sì kún inú sílíńdà dáadáa nígbà tó tutù, á gbá a mú pa nígbà tó bá gbóná. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ò gé e roboto. Wọ́n ń gé e kó rí bí ẹyin díẹ̀, kí orí ẹ̀ sì kéré ju ìsàlẹ̀ lọ ní ìwọ̀n tí ojú ò lè rí. Ooru ló máa wá sọ ọ́ di roboto lẹ́nu iṣẹ́. Ìṣirò ló ń sọ iye tí èèyàn á yọ kúrò, ọwọ́ ló ń yọ ọ́. Ẹni tó ní ọ̀kan láìní èkejì, písítìnì ẹ̀ ò ní pẹ́ fọ́.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìtàn písítìnì alumíníọ̀mù nínú mọ́tò eré náà bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́. W. O. Bentley, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ rélùwéè ló kọ́kọ́ kọ́ ní Doncaster nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16. Ní 1913, ó lọ sí ilé iṣẹ́ mọ́tò DFP ní ilẹ̀ Faransé, ó rí písítìnì kékeré kan tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, tí wọ́n gbé lé bébà lórí tábìlì kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Àwọn tó ni ín rí ohun tó ń di bébà mú. Bentley rí mọ́tò tó lè sáré. Ó ní kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ sínú DFP tòun, ó sì fi gba ipò iwájú nínú ìdíje. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, ìmọ̀ yẹn ló gbé lọ sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn ogun, ní 1919, ló dá ilé iṣẹ́ Bentley sílẹ̀.

Alumíníọ̀mù ò jìnnà sí wa. Àwọn tó ń rọ ìkòkò nílẹ̀ Yorùbá ń yọ́ ọ lójoojúmọ́, torí pé nǹkan bíi 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń yọ́, èédú àti fẹ́ẹ́rẹ́ tó lágbára ti tó fún un. Àwọn písítìnì àtijọ́ àti tọ́ọ̀pù sílíńdà tó ti bàjẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń jù sínú iná. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí: mọ́tò òkè òkun ń di ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun tí a ò tíì ṣe ni kí ìkòkò náà padà di mọ́tò. Kí ló ń dí wa lọ́wọ́? Písítìnì nílò alumíníọ̀mù tí wọ́n mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ sílíkọ́nì ní ìwọ̀n, tí kò ní ihò atẹ́gùn nínú. Alumíníọ̀mù ìkòkò jẹ́ àdàlù agolo, férémù fèrèsé àti ohunkóhun tí ọlọ́kọ̀ọ̀rọ̀ bá kó dé. Ó gba ẹni tó kàwé kó dúró tì ẹni tó ń yọ́ irin.

Ohun tí mo sọ fún ìyá ọmọ náà nìyẹn, mo sì fi ìtàn Awójọbí tì í lẹ́yìn. Àdéhùn tá a ṣe ni pé kí ó wà lọ́dọ̀ tọ́nà, kí ó sì gba fọ́ọ̀mù políẹ́kíníìkì lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá ò dunnú tán, ṣùgbọ́n ó ti ra aṣọ iṣẹ́ fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbé àpótí ìwé lọ sí kóòtù

Ẹni tí kò lè wo gíàbọ́ọ̀sì kó má tú u ò lè wo ìjọba náà kó má tú u. Lọ́dún 1979, wọ́n dìbò ààrẹ. Òfin ní kí ẹni tó máa wọlé gba ó kéré tán ìdámẹ́rin ìbò nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la ní. Shehu Shagari gba ìdámẹ́rin nínú ìpínlẹ̀ 12, kò gbà á nínú ìkẹtàlá. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Báwo ni wọ́n ṣe ń gé ìpínlẹ̀ sí mẹ́ta? Àjọ elétò ìdìbò ní wọ́n lè gé e, Shagari wọlé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa níbí, gbé ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ẹjọ́ náà ò sì jẹ́ tiẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, wọ́n sì gbàgbé. Awójọbí ò gbàgbé. Ó gbé ìjọba lọ sí kóòtù lọ́pọ̀ ìgbà lórí ìbò tó gbé Shagari wọlé. Àpótí ìwé ẹ̀rí ló máa ń gbé wá sí kóòtù, bí ẹni ń gbé irinṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo ẹjọ́ náà ló pàdánù. Ó gbé e lọ sínú ìwé ìròyìn, ó gbé e lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì káàkiri. Àwọn kan ní kó padà sídìí ìṣirò ẹ̀, kí ló kan ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀rọ nínú òṣèlú. Lójú tèmi, ohun kan náà ló ń ṣe. Ó rí ìṣirò tí kò dọ́gba, kò sì lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ológun lé ìjọba Shagari lọ ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1983. Awójọbí ò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1984 ló kú. Ọmọ ọdún 47 ni.

Ohun tó kù nílẹ̀

Autonov ò di ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ní àwọn ọdún tí Awójọbí wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ní 1975, ìjọba ṣí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna àti ti Volkswagen l'Ékòó. Inú àpótí ni àwọn ẹ̀yà mọ́tò náà ti ń bọ̀ láti òkè òkun, àwa ń dè wọ́n pọ̀ níbí. Èrò náà ni pé díẹ̀díẹ̀ la ó máa ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fúnra wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù tí ìjọba kọ́ sí Ikot Abasi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, ọdún tó fi dákẹ́ sì pọ̀ ju ọdún tó fi ṣiṣẹ́ lọ. Òní yìí, ẹ dúró sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ lẹ́bàá Ògèrè kẹ́ ẹ ka tòkunbọ̀ tó ń kọjá. Ẹ máa rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí ọ̀kan tí a ṣe písítìnì ẹ̀ nílẹ̀ yìí.

Mi ò ní sọ pé tí Awójọbí bá wà láàyè, gbogbo ẹ̀ ì bá yàtọ̀. Ẹnì kan ò lè gbé ilé iṣẹ́ ró. Ohun tí ó fi hàn wá ni pé ẹni tó gba oyè tó ga jù nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ lè sùn sábẹ́ jíìpù kí òróró máa kán sí i lójú, kí iyì ẹ̀ má sì dín. Ìyapa tó wà láàárín wa lónìí ni pé ẹni tó mọ ìṣirò ò mọ bí wọ́n ṣe ń di irin mọ́ lathe, ẹni tó mọ lathe ò sì mọ ìdí tí alumíníọ̀mù fi ń fẹ̀. Políẹ́kíníìkì Gateway wà ní Sápàdé, kò jìnnà sí Ìsarà rárá. Àwọn tọ́nà wà lójú títì kan náà. Ọkọ̀ ọ̀kadà kan ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn méjèèjì ló ti bẹ ara wọn wò?

Tó o bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, nǹkan mẹ́ta ni kó o mú. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì sórí bébà tàbí kọ̀ǹpútà kó o tó fọwọ́ kan irin. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan dé ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà, má sì gba ojú ẹ gbọ́. Kọ́ orúkọ irin tó wà lọ́wọ́ ẹ àti ohun tí ooru ń ṣe sí i. Owó irinṣẹ́ ìwọ̀n tó dáa ò tó owó fóònù tuntun. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní iṣẹ́ ẹni tí ò kàwé lo fẹ́ ṣe, sọ fún un pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Àkòkà, ọmọ Ìkòròdú, tó tú mọ́tò ara ẹ̀ tó sì tún un tò.